Kò sí bí wọ́n ṣe ń "rọra" fa vape lórí ihò eyín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan kó tán. Ìbéèrè tó ń wọ DM mi jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín mi. Báwo ni mo ṣe lè máa fa vape mi tí kò fi ní ṣe mí ní jàǹbá?"

Rárá. Ìdáhùn mi nìyẹn. Kò sí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ibi jókòó sí, thread yìí gùn.

Èmi kì í ṣe dókítà eyín o. Fídíò ni mò ń ṣe, ẹ mọ̀ mí, ọmọ Kétu ni mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò yàtọ̀ sí ohun tí dókítà eyín èyíkéyìí máa sọ fún yín, àfi pé èmi máa sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Mi ò bá má tiẹ̀ dá sí i. Àwọn tó ń dáhùn yín ló bí mi nínú.

"Máa fà á láti ẹ̀gbẹ́ kejì." "Fi gọ́ọ̀sì tútù dí ihò yẹn kó o tó fà á." "Ra èyí tí kò ní nicotine." "Vape kì í ṣe sìgá jàre, oruku omi lásán ni." Ẹni tó kọ èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo lọ wo page ẹ̀. Vape ló ń tà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ihò eyín ṣe ń san, torí ẹni tí èyí bá yé, kò ní béèrè ìyókù.

Tí wọ́n bá fa eyín yọ, ihò ló máa ṣẹ́ kù, ihò náà sì jìn wọ inú eegun àgbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ á sun kún inú ẹ̀, á wá dì. Ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn, kì í ṣe ìdọ̀tí tá a máa fi ahọ́n tọ́ jáde. Òun ni ìdérí. Òun ló bo eegun àti iṣan tó wà nísàlẹ̀, inú ẹ̀ sì ni ẹran tuntun ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í hù, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Eegun fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ló máa gbà kó tó dí. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní kẹ́ ẹ fi eyín di gọ́ọ̀sì mú fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, kẹ́ ẹ má sì yọ ẹnu títí wákàtí 24 fi máa pé. Ìdérí yẹn ni gbogbo wa ń ṣọ́.

Tó bá wá ṣí ńkọ́? Eegun á wà níta gbalaja. Afẹ́fẹ́, itọ́, ẹ̀bà, ata, gbogbo ẹ̀ á máa kàn án. Dry socket ni wọ́n ń pè é. Dókítà eyín ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Crawford ló kọ̀wé nípa ẹ̀ lórúkọ yẹn ní 1896, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àìsàn TikTok ni.

Ohun tó burú nínú ẹ̀ ni pé kì í tètè fara hàn. Ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín, ó lè máà dùn yín tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Tó bá wá di ọjọ́ kẹta, ìrora á dé, á máa sọ, á gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sínú etí. Ẹnu á máa rùn, á máa korò. Oògùn ìrora tẹ́ ẹ rà ní kẹ́mísìtì ò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Nínú 100 eyín tí wọ́n bá yọ, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí bí 1 sí 5. Tó bá jẹ́ eyín tó gbẹ̀yìn pátápátá nísàlẹ̀, èyí tó máa ń hù nígbà téèyàn ti dàgbà, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn tó ń mu sìgá ló sì máa ń kó sí i jù.

Ní báyìí, vape. Ohun mẹ́ta ló ń ṣe fún ìdérí yẹn, kò sì sí ọ̀kan tó dáa nínú wọn.

Èkíní ni fífà. Ẹ ò lè fa vape láìfà á, àbí ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá ti fi ètè dì í mú tẹ́ ẹ fà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wọlé, gbogbo ohun tó wà lẹ́nu á máa fẹ́ bá afẹ́fẹ́ yẹn lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, tó rọ̀ bí ògì tútù, báwo ló ṣe máa dúró?

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ìwé ìlànà tí wọ́n máa ń fún èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín, ẹ ti rí i rí? "Do not drink with a straw." Sà, mà, ta ló ń fi straw mu nǹkan ní Mile 12? Pure water la ń mu. Eyín la fi ń já etí ẹ̀, a á fà á títí nylon á fi lẹ̀ mọ́ra. Ọsàn la ń mu, a á bó o, a á gé orí ẹ̀, a á tẹ̀ ẹ́, a á fà á. Máńgòrò ńkọ́? Yoghurt inú nylon ńkọ́? Ẹni tó bá ka ìwé yẹn ní Ìkòsì tàbí Alápẹ̀rẹ̀, tí kò ti fi straw mu nǹkan láti ọdún tó kọjá, á ní òun ti pa gbogbo òfin mọ́, á sì já pure water bó ṣe ń jáde ní ọ́fíìsì dókítà. Ẹ kọ "má fa pure water" síbẹ̀. Ẹ kọ "má mu ọsàn." Ẹ kọ "má fa vape, má mu sìgá, má mu ṣíṣà." Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní Haúsá pẹ̀lú, torí ẹ mọ àwọn tó ń gbé àdúgbò wa.

Ó dáa, mo ti padà.

Èkejì ni nicotine. Ó máa ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Ibi tí egbò wà, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ohun tó ń wo egbò sàn lọ síbẹ̀. Tí ọ̀nà bá fún, ohun tó yẹ kó dé ò ní dé tó. Àwọn vape kékeré tẹ́ ẹ ń rà, tó ń rùn bí súìtì, irú nicotine tí wọ́n ti ṣe kó má ta lọ́fun ló sábà máa ń wà nínú wọn. Ìyẹn ni pé ẹ lè fà á láti àárọ̀ dalẹ́ láìwúkọ́, kí nicotine tó wọ ara yín sì pọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ rò lọ.

Ẹ̀kẹta ni ooru àti omi inú ẹ̀. Ẹni tó ní oruku omi lásán ni, ẹ bá mi bi í pé omi wo. Propylene glycol àti glycerin ni, wọ́n po adùn mọ́ ọn, bátìrì á wá mú un gbóná, á sè é di èéfín. Ó máa ń jẹ́ kí ẹnu gbẹ. Egbò inú ẹnu ò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kí ẹnu gbẹ.

Ẹ wá padà sí ọgbọ́n àrékérekè tí wọ́n ń kọ́ yín. Láti ẹ̀gbẹ́ kejì: ṣé ẹnu yín ní ògiri láàárín ni? Gọ́ọ̀sì tútù: gọ́ọ̀sì yẹn lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, tẹ́ ẹ bá wá yọ ọ́, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣí ìdérí. Èyí tí kò ní nicotine: ẹ ti yọ ohun kan kúrò nínú mẹ́ta, ó ku méjì, ẹ sì máa ń rí i pé ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan ní Lagos àti ohun tó wà nínú ẹ̀ lè jẹ́ àjèjì síra wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ fún mi ní comment pé sìgá ni wọ́n ṣe ìwádìí lé lórí jù, pé vape ṣì tuntun. Òótọ́ ni. Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà, ló ṣe irú èyí tó wá tàn kálẹ̀, ní 2003. Ọmọdé ló jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìgá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: nínú fífà, nicotine àti ooru, èwo ni vape ò ní? Ẹni tó bá rí i kó wá sọ fún mi, màá pa thread yìí rẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọdún 2003 yẹn kan náà ni British American Tobacco ṣí ilé iṣẹ́ sìgá ńlá sí Ìbàdàn. Ẹ fìyẹn pamọ́, a máa nílò ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wà, àbúrò mi ni, ó ń já ẹrù tòmátì ní Mile 12. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà yẹn mọ̀ pé òru ni trélà máa ń wọlé láti òkè Ọya, òru sì ni owó wà. Eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ti jẹrà, wọ́n yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ó fa vape, ó ní "díẹ̀ báyìí." Ọjọ́ kẹta ni ariwo sọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú agboolé. Ẹnì kan ní dókítà ò mọṣẹ́, eegun ló ṣẹ́ kù sínú ẹ̀. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ẹnì kan gbé ògógóró wá pé kó fi yọ ẹnu, pé ó ń pa kòkòrò. Bàbá àgbàlagbà kan ní kí wọ́n fi aṣáà dí ihò náà. Aṣáà! Tábà lílọ̀, sórí egbò tí tábà ń bá jà! Òru mẹ́ta ni kò sùn, òru mẹ́ta náà ni kò rí iṣẹ́ ṣe.

Ìgbà tó padà sọ́dọ̀ dókítà, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Wọ́n fọ ihò náà, wọ́n fi oògùn kan sínú ẹ̀ tó ń ta sánsán bíi kànáfùrù. Kì í ṣe àṣìgbọ́. Eugenol ló wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, inú kànáfùrù ló sì ti ń wá, kànáfùrù tí ìyá alátàpọ̀ ń tà yìí. Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ ra kànáfùrù lọ rọ sínú ihò eyín o. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ọ́ àti ìwọ̀n tí wọ́n ń fi sí i ló ń ṣe é.

Ohun tó ká mi lára jù ni èyí. Ṣáájú kí wọ́n tó yọ eyín yẹn, dókítà bi í pé: "Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?" Ó ní rárá. Ìyá ẹ̀ ló dúró tì í.

Ibi tí ìjà mi wà gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ yín tẹ́ ẹ ń bi mí, ẹ̀rù dókítà kọ́ ló ń bà yín. Ẹ̀rù màmá yín ni. Ẹ̀rù pé ẹni tó jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì mọ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí ni. Ẹ ò wá sọ òótọ́ níbi tó yẹ, ẹ wá ń béèrè ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń ta vape.

Fún ọmọbìnrin, ó tún le sí i. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, èyí tí a ń lò lójoojúmọ́, òun náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí dry socket ṣeé ṣe sí i. Nítorí náà ìbéèrè méjì ni dókítà tó mọṣẹ́ yẹ kó bi ọmọ ọdún 22: ṣé o ń fa nǹkan, ṣé o ń lo píìlì? Ẹ wá sọ fún mi, pẹ̀lú mọ́mì tó fi báàgì lé ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ta ló máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú méjèèjì?

Ẹ̀yin dókítà eyín, ẹ ṣe é lórí ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání. Ẹ ní kí màmá bá wa jókòó síta. Ẹ má bèèrè "ṣé o ń mu sìgá" nìkan, torí ẹni tó ń fa vape á sọ pé rárá, ọkàn ẹ̀ ò sì ní dá a lẹ́bi. Ẹ bèèrè nípa vape, ẹ bèèrè nípa ṣíṣà, ẹ bèèrè nípa igbó. Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ ìdáhùn, ẹ má wò wá bí ọmọ tó sọnù.

Ẹ̀yin àǹtí tẹ́ ẹ máa wá kọ "ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé" sísàlẹ̀ thread yìí, mo ti rí yín láti òkèèrè. Nicotine máa ń di bárakú, ara á máa béèrè ẹ̀ bí ebi ṣe ń béèrè oúnjẹ. Bàbá yín tó ń fi áṣáà sí imú, àìgbẹ̀kọ́ ilé ló fà á? Ìtìjú ò tíì di ihò eyín kankan rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú sí ẹnì kan, mo lè tọ́ka yín. Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tábà, National Tobacco Control Act, ní 2015. Òfin yẹn ní wọn ò gbọ́dọ̀ ta á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ tú páákì tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rìn láti ìdíkọ̀ Kétu dé Mile 12 lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ ka iye ibi tí wọ́n ti ń ta ẹyọ kan ẹyọ kan, pẹ̀lú TomTom lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn tó ń ta vape ní tiwọn ti mọ ibi tí wọ́n á gbà: wọ́n ní àwọn ò ta tábà, "lifestyle" làwọn ń tà. Wọ́n sì ń tà á ní Instagram, pẹ̀lú àwọ̀ àgbálùmọ̀ àti àwọ̀ ọ̀pẹ̀yìnbó, kó lè wu ọmọ SS2.

Ẹ rántí British American Tobacco tí mo ní kẹ́ ẹ fi pamọ́. Ní December 2023, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, kéde ìtanràn 110 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn lórí, lẹ́yìn ìwádìí nípa bí wọ́n ṣe ń ṣòwò nílẹ̀ wa. Dọ́là o, kì í ṣe náírà. Ilé iṣẹ́ tó lè san irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ rò pé ó ń sùn? Ọjà tí a kì í fi òórùn ẹ̀ mọ̀ lára ọmọ nílé, tó ṣeé fi sápò bíi flash drive, ta ni kò ní wù láti tà á fún wa?

Èmi náà ti gba ìwé ìpè o. Ẹnì kan tó ń ta vape fi DM ránṣẹ́ sí mi, vape ọ̀fẹ́ pẹ̀lú owó, fún fídíò kan ṣoṣo, kí n jókòó sí balikoní kí n máa tú èéfín sókè bí ẹni tó ti rí ayé jẹ. Owó yẹn dùn lójú, irọ́ ò sí níbẹ̀. Mo ní rárá. Àmọ́ mo mọ àwọn tó gbà, àwọn kan nínú wọn wà lára àwọn tó ń kọ́ yín ní "fà á láti ẹ̀gbẹ́ kejì."

Ó tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe.

Kí wọ́n tó yọ eyín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń fa nǹkan. Ẹ fi text ránṣẹ́ tẹ́nu bá wúwo. Ẹ bi í nípa pátàṣì nicotine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Kì í gbóná, a kì í fà á, ṣùgbọ́n nicotine ṣì ni, nítorí náà òun ni kó pinnu. Wákàtí 72 ló kéré jù láìfa ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ kan dáa jù ú lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹni tó bá lè ṣe é ṣe. Nígbà tí ara bá ń béèrè ẹ̀, ìyánhànhàn yẹn kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó rọlẹ̀. Ẹ dìde, ẹ rìn jáde.

Ẹ da pure water sínú ife. Ẹ má tutọ́ pẹ̀lú agbára, ẹ jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ tẹ́ ẹ fi iyọ̀ sí yọ ẹnu jẹ́jẹ́, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ. Ògì tó ti tutù díẹ̀, mọ́ín-mọ́ín, ẹ̀kọ, ìyẹn á gbé yín ró. Páràgà ò sí nínú ẹ̀, ẹ má dá ìyá alágbo lóhùn ní tọ̀sẹ̀ yẹn.

Ẹni tó bá ti fà á kó tó ka èyí: dáwọ́ dúró níbi tó o dé. Má fi ahọ́n wá inú ihò náà, má fi toothpick tọ́ ọ. Tí ìrora bá pọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì sí ìkẹrin dípò kó máa dínkù, padà sọ́dọ̀ ẹni tó yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Má dúró de Monday. Tí kò bá sí ní ìtòsí, ẹ̀ka eyín wà ní LASUTH n'Íkẹjà. Láti Kétu, ẹ wọ ọkọ̀ dé Ọ̀jọ́ta, ẹ wọ òmíràn. Bí o bá ti jókòó sórí àga yẹn, sọ fún wọn pé "mo fa vape," kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ìwọ tó o fi "ṣé ẹyọ kan péré náà?" ránṣẹ́ sí mi ní aago méjì òru: bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ kan péré náà. Gbé e fún roommate ẹ, kó o lọ sùn.